Báwo lẹ ṣe ń mọ bátìrì tó dáa kẹ́ ẹ tó sanwó? Ẹ̀rọ BP màmá mi ń pa bátìrì bí ẹni mu omi

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ bátìrì. Bátìrì kékeré ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti mọ́tò, kì í ṣe ti inverter, AA tá a máa ń pè ní fíńgà bátìrì yẹn àti AAA tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ní ká máa wọn BP wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ ká máa kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀rọ tá a rà fún wọn ń lo AA mẹ́rin. Láàárín oṣù méjì yìí mo ti ra bátìrì fún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí mo bá ti fi tuntun sí i, á ṣiṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ tó máa ń dì mọ́ wọn lápá, kó tó fún un débi tó yẹ á kàn kú fin, àmì bátìrì á wá máa ṣẹ́jú. Alẹ́ Sátidé tó kọjá orí ń fọ́ wọn, a fẹ́ mọ iye tó wà, ẹ̀rọ kọ̀, wọ́n ti mú iná lọ, aago mẹ́wàá ti kọjá, èmi wá ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò pé ta ló ní bátìrì tí mo lè yá. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́.

Ti kípáàdì mítà náà wà níbẹ̀. Yúnìtì wa tán lóru ọjọ́ kan, token ti wà lórí fóònù mi, ó kù kí n tẹ̀ ẹ́, kípáàdì ò tàn, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, mo rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó ti yọ lára bátìrì tó bo irin inú ẹ̀. Inú òkùnkùn la sùn.

Ohun tí ò wá yé mi ni pé àwọn bátìrì tí ẹ̀rọ BP ní òun ò fẹ́ yẹn, mo kó ọ̀kan sínú aago ògiri pálọ̀, ó ti lé lóṣù kan, aago ń lọ, kò fi ìṣẹ́jú kan sílẹ̀. Ṣé bátìrì yẹn ti kú ni àbí kò tíì kú? Mo ti rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé e kiri nínú gosiló, mo ti rà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ra olówó ńlá ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Báwo lẹ ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín? Àbúrò mi ní kí n máa jù ú sílẹ̀ kí n wò ó bóyá ó máa fò, ìyá àdúgbò wa ní kí n sá a sóòrùn, ẹnì kan tún ní kí n kó o sínú fíríìjì. Èwo ni ká gbà?

Baba_Oniredio

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wo màmá. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún rédíò ṣe lágbègbè Ògùnpa, bátìrì ti kọjá lọ́wọ́ mi.

Tó o bá mú un lọ́wọ́, má wo orúkọ gàdàgbà, má wo àwòrán mànàmáná. Yí i po, wá lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Tó o bá rí R6, kábọ̀n nìyẹn, irú tí owó ẹ̀ rọ̀. Tó o bá rí LR6, alkaline ni, irú tó lè gbé iṣẹ́ tó pọ̀. Lẹ́tà L tó ṣíwájú yẹn ni kó o máa wá. Ti AAA, R03 ni kábọ̀n, LR03 ni alkaline. Ti bátìrì ńlá tí àwa àgbà ń kó sínú tọ́ọ̀ṣì onírin, R20 àti LR20. Ibi tí wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni Heavy Duty tí wọ́n máa ń kọ sí i. Ẹni tó bá rí i á rò pé èyí tó lágbára jù lòun rà, bẹ́ẹ̀ kábọ̀n ni, Heavy Duty o, Extra Heavy Duty o, Super Heavy Duty o, kábọ̀n ni gbogbo wọn. Èmi ò bú kábọ̀n o, òun ló gbé iṣẹ́ mi dé ibi tó dé. Rédíò kékeré tí màmá fi ń gbọ́ Amúlùdùn 99.1, rìmóòtù, aago ògiri, kábọ̀n tó fún wọn, ó sì rọ̀ wá lápò. Àmọ́ ẹ̀rọ BP ní mọ́tò nínú tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ìyẹn ń jẹun, LR6 ni kó o máa rà fún un.

Tó o bá rí LR6, gbé e sọ́wọ́ kó o fi wéra. Alkaline AA máa ń wọn gíráàmù 23 tàbí kó sún mọ́ ọn, kábọ̀n ò sábà ju 15 sí 19 lọ. Ayédèrú wà tí wọ́n lẹ bébà alkaline mọ́, tó o bá gbé e ó fúyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ní ìwọ̀n kékeré yẹn nílé, ó tó o fi wọn bátìrì. Mo ti bá kọ́sítọ́mà kan wọn irú ẹ̀ rí, gíráàmù 16 ló wọn, a mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Wo ìdí ẹ̀, tó bá ti ń dípẹtà tàbí tó ti wú, má rà á. Wo oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, tí wọ́n bá ti fi nǹkan pa ọjọ́ yẹn rẹ́ fi í sílẹ̀. Kó o sì wo ibi tí ọlọ́jà pàtẹ ẹ̀ sí, èyí ṣe pàtàkì o, àwọn èèyàn kì í kà á sí. Bátìrì tó ti ń gba oòrùn ọ̀sán lórí ọpọ́n láti oṣù bíi mélòó kan, bó bá jẹ́ ojúlówó láti fáktírì, ooru yẹn ti ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Inú ṣọ́ọ̀bù tó tutù, lábẹ́ òrùlé, lọ́dọ̀ ẹni tí ọjà ẹ̀ ń tètè tán, ibẹ̀ ni kó o ti rà. Mi ò ra bátìrì nínú gosiló rí, mi ò sì ní rà á.

Ti sísá sóòrùn, gbogbo wa la ṣe é lọ́mọdé, a máa ń tò ó sórí páànù, a tún máa ń fi eyín rún un. Ooru máa ń ta kẹ́míkà tó kù nínú ẹ̀ jí fúngbà díẹ̀, rédíò á sọ̀rọ̀ dé ìdajì ìròyìn, ó parí. Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé ike kọ́ ló gbé kábọ̀n ró, síǹkì ni, síǹkì yẹn gan-an sì ni bátìrì ń jẹ láti fi ṣe iná. Nígbà tó bá fi máa tán, ara ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ibòmíràn ti lu. Ìwọ wá lọ sá a sóòrùn, o dá a padà sínú rédíò. Rédíò tí omi bátìrì ti jẹ tí mo ti tú palẹ̀, n ò lè kà wọ́n. Jọ̀ọ́ má dán an wò.

Kunle_Agbowo

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìnira. Fífò yẹn ń ṣiṣẹ́ o, èmi ń lò ó ní hóstẹ̀ẹ̀lì. Ẹ mú bátìrì lóòró, kí ìdí ẹ̀ kọjú sílẹ̀, ẹ gbé e sókè bí ínǹṣì méjì sórí tábìlì líle, ẹ fi í sílẹ̀. Tuntun á dún gbì, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lò á fò, á ṣubú, á yí lọ. Kò gba mítà, kò gba owó. Mo fi ń ya èyí tó kú sọ́tọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Tisa_Fisiisi

Kúnlé, òótọ́ lo sọ, àmọ́ kò délẹ̀ tán. Ní 2015 àwọn olùwádìí ní yunifásítì Princeton l'Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Síǹkì tó wà láàárín alkaline máa ń rọ̀ bí ògì tó dì nígbà tó bá ṣì tuntun, ìyẹn ló ń gbà á mọ́ra tó bá balẹ̀, bá a ṣe ń lò ó ni síǹkì yẹn ń yí padà di zinc oxide, á wá máa ta bíi sípíríǹgì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí bátìrì bá fi máa lo bí ìdajì agbára ẹ̀, bó ṣe máa fò tó ló ti ń fò yẹn, kò ní fò ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Nítorí náà tó bá fò, o mọ̀ pé kì í ṣe tuntun, o ò lè mọ̀ bóyá ìdajì ló kù tàbí kò ku nǹkan kan. Ṣé o ò ti máa kó ìdajì dànù látinú dúrọ́ọ̀ yẹn? Alkaline nìkan ló sì wà fún, kábọ̀n ò sí níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ n dáhùn ti aago pálọ̀ yín, torí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bi yẹn lọ́gbọ́n nínú. Ẹ wo kànga tí omi ẹ̀ ti ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ife kékeré bù ú á rí bù látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá sọ korobá ńlá sí i, ẹrẹ̀ ni yóò fà. Ife kékeré yẹn ni aago ògiri, iná tó ń fà ò tó milliamp 1 (milliamp ni wọ́n fi ń wọn iná tó ń ṣàn). Korobá ni mọ́tò ẹ̀rọ BP, ọgọ́rọ̀ọ̀rún milliamp ló ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tó bá ti ń gbó, ohun tó ń dènà iná nínú ara ẹ̀ á máa pọ̀ sí i, tí ẹ̀rọ bá ti fà á gidi, fólítì á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á ní bátìrì ti kú. Tó bá sinmi, fólítì á tún gòkè padà. Kò kú, kò sì yè.

Ìdí nìyí tí mítà fi ń tan àwọn èèyàn. Wọ́n á ra mọ́ltímítà, wọ́n á yí i sí DC 20, pupa sí orí, dúdú sí ìdí, ó gbé 1.5, wọ́n ní ó dáa. Bátìrì tó ti rẹ̀ náà lè gbé 1.4 tí ohunkóhun ò bá fà á. Ẹ fún un níṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ ra rẹsísítọ̀ 10 ohm, nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ wáyà méjì tó máa ń dín iná kù, ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kan orí bátìrì, èkejì kan ìdí, bátìrì á máa gbé bíi milliamp 150 jáde, ẹ wo mítà níwọ̀n ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí rẹsísítọ̀, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú tó máa ń pọ́n, á ṣe é. Alkaline tuntun kì í sábà já wálẹ̀ kọjá 1.4. Tó bá sáré já bọ́ sí 1.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹni tó tà á fún yín ti lò ó rí tàbí kó ti pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó wà ní 1.2 tàbí 1.1, ẹ fún aago àti rìmóòtù. 1.0 sísàlẹ̀, ẹ kó o kúrò nílé.

Ohun kan o, ẹ má fi wáyà pupa mítà sínú ihò 10A kẹ́ ẹ fi kan bátìrì, bí ìgbà tẹ́ ẹ fi wáyà so orí mọ́ ìdí ni. Ẹ sì wọn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má wọn àpapọ̀ wọn.

Ti fíríìjì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Nílùú tí iná ń lọ tó ń bọ̀ yìí, omi á kàn máa làágùn sára bátìrì ni. Kọ́bọ́ọ̀dù tó gbẹ tó.

Sound_Challenge

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mò ń mójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi tá a ti ń jọ́sìn ní Challenge, máìkì tí kò ní wáyà mẹ́fà, AA méjì méjì, a máa ń da bátìrì nù lọ́sọ̀ọ̀ọ̀sẹ̀ torí ẹ̀rù pé kó má kú mọ́ wàásù lẹ́nu. Owó yẹn dùn mí títí mo fi yí sí èyí tí wọ́n ń ṣájì, NiMH ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀. 1.2 fólítì ni wọ́n máa ń kọ sí i, kẹ́ ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà, àmọ́ kì í tètè já tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ lè ṣájì ẹ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ẹ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ BP yín wá bóyá ó gbà á.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i. mAh ni wọ́n ń kọ tẹ̀ lé e, iye iná tó lè gbà pamọ́ nìyẹn. NiMH AA gidi, 2,000 ni tàbí kó lé díẹ̀, èyí tó ga jù ò fi bẹ́ẹ̀ ju 2,700 lọ. Tẹ́ ẹ bá rí 4,800 lára AA, ẹ dá a padà sórí káńtà. Irọ́ yẹn ló tún wà lára 18650, bátìrì olóbìrípo tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì oníṣájì àti fáànù oníṣájì, wọ́n á kọ 9,900 sí i gàgàrà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwọ̀n yẹn, èyí tó dáa tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà, 3,500 ló ń sún mọ́. Èyí tí mo rà nígbà kan, tó lé 9,000 lára, kò gbé tọ́ọ̀ṣì mi ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, inú bí mi gan-an torí iye tí mo san. Látìgbà yẹn mo ń wọn wọ́n, ojúlówó máa ń súnmọ́ gíráàmù 45.

Ṣájà yín, kó jẹ́ èyí tó ń ṣájì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ní iná tiẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì má fi kábọ̀n tàbí alkaline lásán sínú ṣájà láéláé, ó lè bẹ́.

Noosi_OkeAdo

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí mo rí i pé ilé tí ẹ̀rọ BP wà, ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà náà máa ń wà níbẹ̀. Bátìrì tó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú ẹ̀, CR2032, fólítì 3, ẹ má fi sórí tábìlì tí ọmọdé bá wà nílé. Tí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, kò dìgbà tó bá jò kó tó ṣe é léṣe, iná ara ẹ̀ ni yóò jó ẹran ibẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má ní kó bì, ẹ má dúró kó yàgbẹ́ ẹ̀. UCH tàbí ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ yín, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú pákẹ́ẹ̀tì bátìrì dání. Tẹ́ ẹ bá yọ èyí tó ti kú, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e tojú tìdí kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù. Màmá Àbẹ̀kẹ́ á gbádùn o.

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo lọ s'Ógùnpa lánàá, mo ra mítà kékeré àti rẹsísítọ̀ 10 ohm márùn-ún, mo délé mo tò gbogbo bátìrì ilé sórí tábìlì. Ẹ wo ohun tí mo rí. Mẹ́rin tó wà nínú ẹ̀rọ BP, mẹ́ta ni LR6, ọ̀kan ni R6! Tí mo fi rẹsísítọ̀ sí i, méjì gbé 1.42 àti 1.41, ọ̀kan gbé 1.29, R6 yẹn já sí 0.7. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀, mo máa ń yọ méjì, mo máa ń fi méjì tuntun sí i, kí n lè tọ́jú méjì tó kù pamọ́, mo rò pé mò ń ṣọ́wó ná. Gbogbo owó oṣù méjì yẹn, bátìrì kan ṣoṣo ló ń fà á lulẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kípáàdì yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Baba_Oniredio

Ọmọ mi, o ti rí i. Bí èèyàn mẹ́rin bá jọ gbé ẹrù tí ẹnì kan ò lókun, àwọn mẹ́ta á máa wọ́ ọ ni. Bátìrì tó bá ti tán nínú àwọn tó lágbára, wọ́n á máa ti iná gba inú ẹ̀ kọjá sódì, òun ló máa kọ́kọ́ jò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, irú kan náà, ọjọ́ kan náà, kó o kọ ọjọ́ tó o fi wọ́n sí i sára wọn.

Kípáàdì, ó ṣeé ṣe kó má tíì bàjẹ́. Wọ ìbọ̀wọ́ láílọ́ọ̀nù, yọ bátìrì, má jẹ́ kí ìyẹ̀fun yẹn kàn ọ́ lójú. Tó bá jẹ́ alkaline ló jò, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìdérí, ti òwú tá a fi ń nu etí bọ̀ ọ́ díẹ̀, fi nu irin yẹn, á hó ṣìì, ìyẹn ni pé ó ń pa á. Fi òwú mìíràn tó ní spirit nu ún, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Tí irin yẹn bá ti dúdú, fi bébà iyanrìn ha á pẹ́lẹ́ títí á fi dán. Tó o bá ti tẹ token tán, yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀, so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù, torí ẹ̀ẹ̀mélòó lóṣù lèèyàn ń tẹ token?

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta

Ẹ ṣé Bàbá. Ó hó bẹ́ ẹ ṣe sọ, mo jẹ́ kó gbẹ, ó tàn láàárọ̀ yìí, nọ́ńbà yúnìtì jáde. LR6 mẹ́rin tuntun ti wọ ẹ̀rọ BP, mo kọ ọjọ́ òní sí wọn lára, mẹ́rin mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ màmá, mi ò tíì já ọ̀rá ẹ̀. Wọ́n wọn ti òwúrọ̀ láìsí wàhálà. Èyí tó gbé 1.29 yẹn ti wọ rìmóòtù, mo ti ra kábọ̀n méjì fún rédíò wọn, Amúlùdùn ló ń sọ̀rọ̀ ní yàrá wọn báyìí.